Tòmátì ẹ̀yìnkùlé ní ilẹ̀ Okun: ẹ ka omi kí ẹ tó ka irúgbìn

Òjò àkọ́rọ̀ ló tàn mí jẹ ní ọdún tí mo kọ́kọ́ gbin tòmátì sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Kàbà, ní ìpínlẹ̀ Kogí. Ilẹ̀ rọ̀, ara mi yá gágá, mo sì fọ́n irúgbìn sílẹ̀ ní oṣù Kẹrin bí ẹni tó ń gbin àgbàdo. Kí oṣù Kẹfà tó parí, tòmátì náà ti ga dé àyà mi, ewé rẹ̀ dúdú mìnìjọ̀, àwọn aládùúgbò ń kí mi kú iṣẹ́. Nígbà tí oṣù Keje dé, àpá dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í yọ láti ewé ìsàlẹ̀ lọ sókè, ìdí igi ń rà, gbogbo èso tí mo ká kò kún abọ́ kan, ìdajì rẹ̀ sì ti jẹrà kó tó pọ́n. Irúgbìn kò ṣẹ̀. Èmi ni mo mú ohun ọ̀gbẹlẹ̀ lọ gbìn sí àárín òjò.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní bẹ̀rẹ̀ ìtọ́sọ́nà yìí láti orí ilẹ̀ tàbí irúgbìn. Orí àkókò ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀.

Ìgbà wo ló yẹ ká gbìn ín?

Tòmátì fẹ́ omi ní ẹsẹ̀, kò fẹ́ ẹ lórí ewé. Lọ́dọ̀ wa níbí, láti Ẹ̀gbẹ̀ àti Ìsánlú wá sí Mọ̀pà, Ìyàrà, Kàbà títí dé Lọ́kọ́ja, òjò máa ń rọ̀ láti nǹkan bí oṣù Kẹrin títí di oṣù Kẹwàá. Ní gbogbo ìgbà yẹn ewé kì í gbẹ dáadáa. Òjò á máa ta ẹrẹ̀ sí ewé ìsàlẹ̀, àrùn á sì ti ibẹ̀ gun igi lọ. Ohun kejì ni ooru òru. Bí òru bá ń gbóná kọjá nǹkan bí 22 sí 24 lórí ìwọ̀n Celsius, òdòdó á kàn máa rẹ̀ dànù ni, èso kò ní dúró. Ọyẹ́ nìkan ló ń fún wa ní òru tó tutù tó fún tòmátì.

Ẹ wá ka oṣù sẹ́yìn. A fẹ́ kí òdòdó là láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kìíní, nígbà tí ọyẹ́ bá ń mú. Láti ọjọ́ tí a bá lọ́ ọmọ tòmátì sí àyè rẹ̀ dé ọjọ́ tí yóò yọ òdòdó, ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí márùn-ún. Nínú nọ́sìrì, ìyẹn ibi tí a ti ń hu irúgbìn kí a tó lọ́ ọ, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Nítorí náà, ìparí oṣù Kẹsàn-án sí àárín oṣù Kẹwàá ni ká fi irúgbìn sí nọ́sìrì, ká lọ́ ọ láàárín ìparí oṣù Kẹwàá sí àárín oṣù Kọkànlá. Èso àkọ́kọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n ní nǹkan bí oṣù Kìíní, á sì máa bá a lọ dé oṣù Kejì, nígbà mìíràn dé ìbẹ̀rẹ̀ Kẹta.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Lọ́kọ́ja, níbi tí Ọya àti Bẹ́núé ti pàdé, ooru yín ju tiwa tí a wà láàárín òkè lọ, ẹ má ṣe jẹ́ kó pẹ́ kọjá ìgbà yẹn. Bí ilé yín bá sún mọ́ odò, inú rọ́bà ni kí ẹ ti ṣe nọ́sìrì yín, kí ẹ gbé e sórí tábìlì. Ẹni tó rí àkúnya ọdún 2012 àti ti 2022 kò nílò àlàyé: oṣù Kẹsàn-án sí Kẹwàá gan-an ni omi máa ń gòkè.

Mo fẹ́ sọ òtítọ́ kan fún yín báyìí, torí ó yí gbogbo ètò mi padà. Ìgbà tí tiyín bá ń pọ́n ní oṣù Kejì ni ọkọ̀ tòmátì láti òkè Ọya ń rọ́ wọlé, ìgbà yẹn ló sì ń pọ̀ jù lọ́jà. Ẹni tó bá gbìn ín sí ẹ̀yìnkùlé láti fi lówó máa binú. Oṣù Karùn-ún sí Keje ni tòmátì máa ń wọ́n, tí ìyàwó ilé á na owó tó pọ̀ kó tó rí èyí tó lè se ọbẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2016, nígbà tí kòkòrò Tuta absoluta ba oko tòmátì jẹ́ ní Kàdúná, tí àwọn èèyàn ń pè é ní Ebola tòmátì, owó apẹ̀rẹ̀ kan di ohun tí à ń fi ṣàwàdà. Èrè tòmátì ilé ni pé kí ẹ ká a nígbà tó pọ̀, kí ẹ sá a gbẹ nínú ọyẹ́, kí ẹ wá máa sè é nínú òjò nígbà tí àwọn yòókù ń náwó.

Ẹ ka omi

Inú ọ̀gbẹlẹ̀ ni tòmátì yìí máa gbé, inú ọ̀gbẹlẹ̀ kan náà ni kànga ń fà. Igi tòmátì kan tó ti ń so máa ń mu omi bíi lítà kan ààbọ̀ sí méjì lóòjọ́. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 kan tó igi 12 lójúmọ́, kì í jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá mọ̀ pé ní oṣù Kejì kẹ́ẹ̀gì méjì péré ni ẹ máa rí fún ọgbà lẹ́yìn tí ilé ti lò tirẹ̀, ẹ má gbin ju 24 lọ. Mo ti gbin 60 rí. Ọmọ tó ń pọnmi sọ fún mi pé, "Bàbá, ṣé tòmátì yìí náà ń wẹ̀ ni?" Ìdajì rẹ̀ gbẹ, ìdajì tó kù so èso tó dúdú nídìí.

Ẹ lè fi omi tí a fi ṣan ìrẹsì tàbí ẹ̀wà bu ún, kò sí ewu. Omi ọṣẹ ìfọṣọ, ẹ dà á síbòmíràn.

Ilẹ̀, àpò àti rọ́bà

Ẹ wá ibi tí oòrùn ti ń ràn ní ó kéré tán wákàtí mẹ́fà. Abẹ́ máńgòrò kò dáa, bí ó ti wù kó tutù tó. Bí ilẹ̀ yín bá jẹ́ ilẹ̀ pupa líle tó kún fún òkúta wẹ́wẹ́, bí ti ọ̀pọ̀ ilé wa, ẹ má bá a jà. Ẹ fi àpò ìrẹsì gbìn ín. Àpò kílò 50 tí a ká ẹnu rẹ̀ dé ìdajì gba igi méjì, rọ́bà ọ̀dà lítà 20 gba ẹyọ kan. Ẹ lu ihò sí ìdí rẹ̀, ó kéré tán mẹ́fà, kí omi lè máa jáde.

Ohun tí mo máa ń pò pọ̀ ni apá mẹ́ta ilẹ̀dú, apá kan yanrìn odò, apá kan ìgbẹ́ adìyẹ tàbí ti màlúù tó ti jóná dáadáa. Ọ̀rọ̀ wà lórí "jóná" yẹn. Ìgbẹ́ adìyẹ tútù á jó gbòǹgbò. Ẹ kó o jọ, ẹ wọ́n omi sí i, ẹ bò ó, ẹ máa yí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún oṣù méjì. Bí kò bá rùn mọ́, tí kò sì gbóná mọ́ bí ẹ bá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó ti tó. Ẹni tó fẹ́ lò ó ní oṣù Kẹwàá, oṣù Kẹjọ ló yẹ kó ti kó o jọ.

Tó bá jẹ́ ilẹ̀ ni ẹ fẹ́ lò, ẹ má gbin tòmátì síbi tí ata, ìgbá tàbí tòmátì wà ní èṣí. Ẹbí kan náà ni gbogbo wọn, àrùn tó pa ọ̀kan mọ ọ̀nà ilé èkejì. Ibi tí ẹ̀wà tàbí àgbàdo ti kúrò ló dára jù.

Nọ́sìrì

Irúgbìn Roma VF àti UC82B wọ́pọ̀ ní ilé ìtajà oògùn oko, wọn kì í ga púpọ̀, èso wọn le, kì í sì lómi jù. Àwọn ló dára fún sísá. Tòmátì ìbílẹ̀ tó ní ihò-ihò dùn lọ́bẹ̀ ju gbogbo wọn lọ, àmọ́ omi ló kún inú rẹ̀. Èmi máa ń gbin méjèèjì: èyí fún sísá, èyí fún ìkòkò òní.

Ẹ fi ilẹ̀ tí ẹ ti sẹ́ kún abọ́ fífẹ̀ tó ní ihò. Kí ẹ tó fọ́n irúgbìn, ẹ da omi gbígbóná tó ń hó sórí ilẹ̀ náà, kí ẹ jẹ́ kó tutù di ọjọ́ kejì. Ó ń dín àrùn tó ń gé ọmọ irúgbìn lọ́rùn kù. Ẹ fi ìka fa ìlà tí kò jìn ju èékánná lọ, ẹ tò wọ́n sínú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ bò ó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Á hù láàárín ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́jọ. Kété tó bá ti hù, ẹ gbé e síbi tí oòrùn àárọ̀ ti ń bà á. Èyí tó bá wà nínú òkùnkùn á gùn gbọọrọ bí okùn, á wá ṣubú. Ní ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn, ẹ dín omi rẹ̀ kù díẹ̀ kí ara rẹ̀ lè le.

Ọjọ́ tí a ó lọ́ ọ

Ìrọ̀lẹ́ ni, nígbà tí oòrùn bá ti rọ̀. Ọmọ tòmátì tó ní ewé mẹ́rin sí mẹ́fà ló tó. Ẹ bomi rin ín ní wákàtí kan ṣáájú, kí ẹ fi ṣíbí wú u pẹ̀lú ilẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ibí yìí ni tòmátì ti yàtọ̀ sí ata: ẹ rì í mọ́lẹ̀ jìn, títí dé ìdí ewé àkọ́kọ́, torí gbogbo ara igi tó bá wọ ilẹ̀ ló máa yọ gbòǹgbò. Èyí tó bá gùn jù, ẹ tẹ́ ẹ sínú ilẹ̀ ní ìdàgẹ̀rẹ̀. Ẹ fi 50 sí 60 sẹ̀ǹtímítà sí àárín igi kan sí èkejì.

Ẹ gé ìdí àti orí agolo mílíìkì, kí ẹ fi yí ọrùn ọ̀kọ̀ọ̀kan ká. Kòkòrò kan wà tó máa ń jáde lóru, tó ń gé ọmọ irúgbìn ní ìbú ilẹ̀ bí ẹni fi abẹ gé e. Agolo ni kì í lè kọjá. Ti ewúrẹ́, ọgbà imọ̀ ọ̀pẹ tàbí nẹ́ẹ̀tì nìkan ló lè gbà yín. Ewúrẹ́ àdúgbò kì í ní ẹni tó ni ín àyàfi lọ́jọ́ tí ẹ bá sọ òkúta lù ú.

Lọ́jọ́ tí ẹ lọ́ ọ náà ni kí ẹ ri ọ̀pá rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ má dúró dìgbà tó bá ga, ẹ óò gún gbòǹgbò. Oparun tó ga tó mítà kan ààbọ̀ ti tó. Àkísà ìró tó ti gbó ni ẹ fi so ó, ní ìdè tó dẹ̀ díẹ̀. Wáyà á gé igi.

Láti ìgbà yẹn títí dé èso

Àárọ̀ ni ẹ máa bu omi, ní ìdí, láìkan ewé. Ẹ kó koríko gbígbẹ bo ilẹ̀ yíká igi náà, kó nípọn tó ìka mẹ́rin, àmọ́ kó má fara kan igi fúnra rẹ̀. Nínú ọyẹ́, koríko yìí ló máa jẹ́ kí omi àárọ̀ ṣì wà nílẹ̀ ní ọ̀sán. Èmi fúnra mi rò pé ó ju ajílẹ̀ ìgbàlódé lọ.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí ẹ lọ́ ọ, ẹ bu ìdérí ìgò mínírà kan ajílẹ̀ NPK 15-15-15 yíká igi, kó jìnnà sí i tó ìbú ọwọ́ kan, ẹ bò ó, ẹ bomi sí i. Ẹ tún un ṣe nígbà tí òdòdó bá yọ. Fún èyí tó wà nínú àpò, ìdajì ìdérí tó, nítorí gbòǹgbò kò ní ibi tí yóò sá sí. Ẹni tó bá fún un ní ajílẹ̀ jù á ní ewé tó pọ̀ bí igbó, èso kò ní sí.

Irú tó ń ga máa ń yọ ọmọ ẹ̀ka ní ìkángun ewé àti igi. Ẹ fi ọwọ́ ṣẹ́ ẹ nígbà tó ṣì kéré, kó ku ẹ̀ka méjì. Roma àti UC82B kò nílò ìyẹn, ewé ìsàlẹ̀ tó ń kan ilẹ̀ nìkan ni kí ẹ gé. Nígbà òdòdó, ẹ máa rọra gbọn ọ̀pá ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀. Ó ń ran èso lọ́wọ́ láti dúró.

Bí ara rẹ̀ kò bá yá

Mi ò ní ka gbogbo àrùn. Ohun mẹ́rin ló máa ń dà wá láàmú.

Èyí tó burú jù ni kí igi rọ lójijì nígbà tí ewé rẹ̀ ṣì tutù, láìjẹ́ pé omi wọ́n ọn. Ẹ gé e nítòsí ilẹ̀, ẹ mú ègé tó gùn tó ìka, ẹ ti ìdí rẹ̀ bọ inú ife omi tó mọ́ gaara, ẹ má mì í. Bí nǹkan funfun bí omi mílíìkì bá ń ṣàn wálẹ̀ láti ojú ibi tí ẹ gé láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, kòkòrò àìfojúrí inú ilẹ̀ ló ń bá yín jà. Kò sí oògùn tí ẹ máa rà tó máa wò ó. Ẹ fa gbogbo rẹ̀ tu, ẹ sun ún, ẹ fọ ọkọ́ yín, kí ẹ má sì gbin ata, ìgbá tàbí tòmátì síbẹ̀ fún ọdún mẹ́ta ó kéré tán. Ẹni tí mo ra oògùn lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà kan kò sọ ìyẹn fún mi. Igo mẹ́ta ló tà fún mi.

Bí ìdí èso bá dúdú, tó sì tẹ́ pẹrẹsẹ, kì í ṣe àrùn. Omi ló ń wá, tó ń lọ: lónìí púpọ̀, lọ́la kò sí, kálíṣọ́ọ̀mù, èròjà tí èso nílò, kò wá lè dé inú rẹ̀. Omi tó ṣe déédéé àti koríko ìbolẹ̀ ni oògùn rẹ̀. Èèpo ẹyin tí gbogbo èèyàn ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó jẹrà nínú ilẹ̀, kò lè gba èso ọdún yìí là.

Àpá dúdú tó ní òrùka nínú òrùka lórí ewé ìsàlẹ̀: ẹ já ewé náà, ẹ sun ún, ẹ má jù ú sínú ààtàn.

Fún kòkòrò wẹ́wẹ́ funfun tó ń fò nígbà tí ẹ bá fọwọ́ kan ewé, àti àwọn pupa tíńtín tó ń ta òwú sí abẹ́ ewé nínú ọyẹ́, ewé dóńgóyárò ni mo ń lò. Ẹ gún kílò kan ewé tútù, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lítà márùn-ún di ọjọ́ kejì, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ fi ọṣẹ díẹ̀ sí i kó lè lẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ fín in, kó dé abẹ́ ewé, ní ọjọ́ márùn-ún sí méje síra. Tata ńlá, ọwọ́ ni ẹ máa fi mú un ní òwúrọ̀ kùtù tí ara rẹ̀ kò tíì yá.

Nígbà òjò, ewébẹ̀ ló ni ilẹ̀

Àpò tí tòmátì kúrò nínú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣófo. Tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọyọ̀kọ̀tọ̀ ni ẹ fọ́n sí i ní oṣù Kẹrin. Tẹ̀tẹ̀ á tó jẹ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Ẹ má fà á tu, ẹ gé e ní bíi 15 sẹ̀ǹtímítà sílẹ̀, á tún rú. Gbúre, ẹ kàn ri igi rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Irúgbìn ewédú lágídí, èèpo rẹ̀ le. Ẹ di í sínú aṣọ, ẹ rì í bọ omi tó ń hó, ẹ ka dé márùn-ún, ẹ yọ ọ́, ẹ fi omi tútù ṣàn án. Ẹni tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ á gbin ago kan, á rí igi mẹ́wàá. Ilá, ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, ẹ ká a ní ọjọ́ kejì-kejì. Kí ẹ sì wá àyè fún ìṣápá létí ọgbà. Ilé tó ń gún iyán tí kò ní ìṣápá tí yóò fi se ẹ̀gúsí, mi ò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Tí ẹ bá ṣì fẹ́ tòmátì nínú òjò, igi mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú rọ́bà, lábẹ́ etí òrùlé níbi tí oòrùn ti ń dé ṣùgbọ́n tí òjò kì í lu ewé.

Ká a, sá a, sè é

Ẹ ká a nígbà tí ara rẹ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í pupa láti ìdí, ẹ má dúró kó pọ́n dénú lórí igi, torí ẹyẹ àti alángbá ń ṣọ́ ọ. Á pọ́n nínú ilé láìpàdánù adùn. Ẹ tò ó ní ipele kan ṣoṣo, ojú ibi tí igi wà kó wà nísàlẹ̀. Èyí tó kù ní tútù nígbà tí igi bá ń kú, ẹ fi í sínú àpò aṣọ pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan tó ti pọ́n, á tètè yí.

Sísá nìyí. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ gé e ní ìbú tó nípọn tó ìdajì sẹ̀ǹtímítà, ẹ gbọn irúgbìn olómi inú rẹ̀ kúrò, ẹ wọ́n iyọ̀ díẹ̀ sí i. Ẹ tò ó sórí nẹ́ẹ̀tì tí a nà mọ́ igi mẹ́rin, kí afẹ́fẹ́ máa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ẹ má tẹ́ ẹ sórí páànù tàbí kọnkéré lásán. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì mìíràn tàbí aṣọ fẹ́lẹ́ bò ó lókè nítorí eṣinṣin àti eruku ọyẹ́. Ọdún tí mi ò bò ó, ọbẹ̀ wa ń hó pẹ̀lú yanrìn. Ní alẹ́, ẹ gbé e wọlé, ìrì á tún un rẹ. Nínú ọyẹ́ tó mú dáadáa, ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún ló máa ń gbà. Bí ẹ bá ká a po, tó ń dún bí awọ gbígbẹ, tí kò sì sí omi kankan láàárín rẹ̀, ó ti gbẹ. Tòmátì kílò mẹ́wàá kì í ku kílò kan, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu, omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ẹ fi í sínú ìgò tí ìdérí rẹ̀ dé pinpin, níbi tó ṣókùnkùn. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ máa gbọn ìgò náà lójoojúmọ́. Bí ìkùukùu bá hàn lára gíláàsì, ẹ tún un sá kíákíá. Láti sè é, ẹ rẹ ẹ̀kún ọwọ́ méjì sínú omi gbígbóná fún ìdajì wákàtí, ẹ lọ̀ ọ́ pẹ̀lú tàtàṣé, ata rodo àti àlùbọ́sà, kí omi tí ẹ fi rẹ ẹ́ náà wọ inú ìkòkò. Kò ní kan bíi ti tútù, torí náà kì í pẹ́ lórí epo.

Àwọn tó ń sè é sínú ìgò láti tọ́jú, ẹ ṣọ́ra. Tòmátì nìkan ni kí ẹ sè, kò sí ata, àlùbọ́sà tàbí epo nínú rẹ̀. Ẹ fi ṣíbí ìjẹun kan omi ọsàn wẹ́wẹ́ inú ìgò tí a ń tà sí ìdajì lítà, ẹ se ìgò tí ẹ ti dé nínú omi tó bò ó mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú 40. Ìgò tí ìdérí rẹ̀ bá wú, ẹ má tọ́ ọ wò, ẹ dà á nù.

Irúgbìn èyí tó ń bọ̀

Ẹ yan èso láti ara igi tó lera jù, kì í ṣe èso tó tóbi jù lára igi tó ń ṣàìsàn. Ẹ fún irúgbìn rẹ̀ pẹ̀lú omi rẹ̀ sínú ife, ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta títí tí yóò fi ní ìfófó lórí, kí ẹ tó fọ̀ ọ́. Èyí tó bá léfòó, ẹ dà á nù. Ẹ sá ìyókù sórí àwo tánńganran, níbi òjìji. Bí ẹ bá sá a sórí bébà, á lẹ̀ mọ́ ọn. Bí a bá kọ F1 sára páálí irúgbìn tí ẹ rà, ẹ má wulẹ̀ tọ́jú tirẹ̀, ọmọ rẹ̀ kì í jọ ìyá. Ti ìbílẹ̀ ni kí ẹ tọ́jú, nínú ìgò kékeré pẹ̀lú eérú díẹ̀, kí ẹ sì kọ oṣù àti ọdún sí i lára, torí ní oṣù Kẹsàn-án, ìgò ata àti ìgò tòmátì máa ń jọra wọn púpọ̀.